Sàréè Tó Di Ilẹ̀kùn Kalamísà

Ní ọdún tí omi kànga àwọn ará Hiróntà di omi iyọ̀, ojú gbogbo wọn yí sí Kalamísà. Kalamísà, ọmọ orísun tí kì í gbẹ, ìlú orí àpáta létí òkun àwọn Gíríìkì, ìlú tí ọ̀tá ń gbójú sókè wò títí ọrùn fi ń ro ó. Láàárín ìlú náà ni omi tútù ti ń sun jáde lábẹ́ òkúta, ó ń sun lẹ́ẹ̀rùn bó ti ń sun lójò. Àwọn ará Hiróntà kò wá tọrọ omi. Wọn kò rán ẹnikẹ́ni wá sọ pé ẹ dákun, òùngbẹ ń pa wá. Ogun ni wọ́n gbé wá, nítorí pé Lákrítù olórí wọn gbà pé ohun tí èèyàn bá tọrọ, yóò máa dúpẹ́ rẹ̀ títí ayé ni, ṣùgbọ́n ohun tó bá fi agbára gbà, tirẹ̀ ni. Ó ti ṣèlérí fún àwọn jagunjagun rẹ̀ pé idà ni yóò jẹ àwọn ọkùnrin Kalamísà, pé wọn yóò ta obìnrin àti ọmọdé lẹ́rú ní èbúté, omi yóò sì di tiwọn. Kì í ṣe pé ó ń halẹ̀. Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ní ìlú kan tó ń jẹ́ Elúsà, ẹni tó sì gbójú lé ìyọ́nú Lákrítù, àfi kó lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Elúsà, bó bá lè rí wọn.

Odi Kalamísà ga, ó sì nípọn. Òkúta tí màlúù méjì kò lè fà ni àwọn baba ńlá wọn fi mọ ọ́n. Ibodè kan ṣoṣo ni ìlú náà ní, tóóró ni, kẹ̀kẹ́ ẹrù kan ló lè gbà á lẹ́ẹ̀kan. Ilẹ̀kùn ibodè yìí nìkan ló kù díẹ̀ káàtó. Igi rẹ̀ ti gbó, oòrùn ti sán an. Lọ́dọọdún ni ìgbìmọ̀ ìlú ń sọ pé àwọn yóò pààrọ̀ rẹ̀, lọ́dọọdún ni wọ́n sì ń sún un síwájú, bí ìjọba ibi gbogbo ti máa ń ṣe. Àwọn àgbà wa kúkú ti sọ ọ́ pé bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ríbi wọ̀ ọ́. Ògiri Kalamísà ti lanu, Lákrítù sì ti rí i.

Damófónù ni oníbodè ìlú nígbà náà. Damófónù a-dúró-gbọin-bí-òpó, ọkọ Timarẹ́tà, ọmọ kan ṣoṣo tí Filínà bí. Nígbà tí àwọn ọ̀tá gbé iná wá láti sun ilẹ̀kùn, òun ló ṣíwájú àwọn ọ̀dọ́ tó jáde lọ lé wọn. Wọ́n lé wọn lóòótọ́, wọ́n pa iná náà, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ ba Damófónù lábẹ́ abíyá. Òun nìkan ni ogun mú lọ lọ́jọ́ náà. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ wọlé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn tó ti jóná dé ìdajì. Gbogbo ìlú mọ̀ pé ilẹ̀kùn yẹn kò ní gbà ju ẹ̀ṣẹ́ méjì mẹ́ta lọ mọ́. Láti orí odi ni wọ́n sì ti ń wo ẹ̀ṣẹ́ náà bọ̀: igi ràbàtà kan tí wọ́n fi irin bò lórí, tí wọ́n gbé ka orí àgbá kẹ̀kẹ́, tí màlúù àti èèyàn ń fà bọ̀ lórí òkè. Àgbò ni wọ́n ń pè é, nítorí orí ló fi ń kan ògiri. Òkè náà dagẹ̀rẹ̀, ọ̀nà náà kún fún òkúta, nítorí náà Àgbò ń rọra bọ̀. Ẹni tó bá wò ó láàárọ̀ tó sì tún wò ó lọ́sàn-án yóò rí i pé ó ti sún mọ́ tòsí. Ìyẹn gan-an ló ń pa àwọn èèyàn láyà. Ogun tó bá sáré dé kì í fún èèyàn láyè ẹ̀rù. Èyí fún wọn láyè gan-an ni.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ibẹ̀ ni Lákrítù rán akéde rẹ̀ wá sí ẹsẹ̀ odi. Kí ẹ tó lè mọ ọgbọ́n àrékérekè tó wà nínú iṣẹ́ tó rán, ó yẹ kí n ṣàlàyé èèwọ̀ kan. Àwa Yorùbá, inú ilé la ti máa ń sin bàbá wa sí láyé àtijọ́. Ọmọ ń sùn, bàbá ń sùn, ilẹ̀ nìkan ló wà láàárín wọn, kò sì sẹ́ni tó ń bẹ̀rù. Ọ̀tọ̀ ni ti àwọn Gíríìkì. Lójú tiwọn, òkú ń sọ ilé di aláìmọ́. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ gbọ́dọ̀ wẹ̀ kó tó wọ ilé òrìṣà. Òkú kò gbọdọ̀ sùn nínú odi, àfi ẹni tó tẹ ìlú dó nìkan, tí wọ́n ń sin sí àárín ọjà. Lẹ́yìn odi, lójú ọ̀nà, ni wọ́n ń sin gbogbo ẹlòmíì sí, wọn kì í sì í jẹ́ kó kọjá ọjọ́ kẹta. Òkú tí wọn kò bá sì sin, ẹ̀mí rẹ̀ kò ní ríbi wọ̀, yóò kàn máa rìn káàkiri létí odò ọ̀run ni. Gbogbo Gíríìkì ló bẹ̀rù èyí, ará Kalamísà àti ará Hiróntà bákan náà.

Akéde náà ké sókè pé, "Ẹ̀yin ará Kalamísà, Lákrítù kí yín kú ọ̀fọ̀! Kì í bá òkú jà. Ó búra pé ẹ lè ṣí ibodè yín, kí ẹ gbé Damófónù jáde lọ sin lójú ọ̀nà ólífì níbi tí bàbá rẹ̀ wà. Ọmọ ogun kankan kò ní fọwọ́ kàn yín títí ẹ ó fi padà."

Ìgbìmọ̀ jókòó. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí àwọn kan, nítorí ọjọ́ kẹta ti ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin amọ̀kòkò kan tó sá àsálà wá láti Elúsà dìde. "Ìbúra yẹn náà ló bá wa ṣe," ló wí. "A gbé òkú jáde. Bí ẹni tó gbẹ̀yìn nínú àwọn asunkún ti ń wọlé padà, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ da aṣọ ọ̀fọ̀ borí, wọ́n bá wa wọlé. Aṣọ ọ̀fọ̀ ni wọ́n wọ̀ tí wọ́n fi pa ìyàwó mi." Eudíkù, olórí ìgbìmọ̀, bàbá arúgbó tí irùngbọ̀n rẹ̀ kan àyà, fọwọ́ bo ojú. Ó ní bí àwọn bá ṣílẹ̀kùn, ọ̀tá yóò wọlé. Bí àwọn kò bá ṣí i, òkú yóò jẹrà nínú ìlú, àwọn òrìṣà yóò kọ̀yìn sí wọn ní wákàtí tí wọ́n nílò wọn jù.

Ìgbà náà ni Timarẹ́tà wọlé. Obìnrin kì í sọ̀rọ̀ ní ìgbìmọ̀ àwọn Gíríìkì, mo sì mọ̀ pé àwọn ìyá wa tó ń ka èyí yóò pòṣé. Ṣùgbọ́n opó tuntun ni, ó ti gé irun rẹ̀, eérú wà lórí rẹ̀, àìmọ́ ọ̀fọ̀ ń bẹ lára rẹ̀. Kò sí ẹ̀ṣọ́ tó lè fọwọ́ kàn án láti tì í síta. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rìn dé àárín wọn, tí àwọn ọkùnrin ńláńlá ń ká ẹsẹ̀ kúrò lọ́nà fún un.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ má bínú," ló wí. "Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Mo ti sunkún, mo sì ti rí nǹkan. Ẹ ní òkú kò gbọdọ̀ sùn nínú odi. Òótọ́ ni. Ẹ ní bí a bá gbé e lọ sí ẹ̀yìn odi, ikú ni. Òótọ́ náà ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹnu ibodè ńkọ́? Ṣé inú ni, àbí ẹ̀yìn?"

Eudíkù wò ó tìtì. "Kì í ṣe inú, ọmọ mi, kì í sì í ṣe ẹ̀yìn."

"Ibẹ̀ ni kí ẹ sin ọkọ mi sí. Ẹ gbé pósí òkúta dí ojú ọ̀nà náà ní ìbú, kí ẹ to òkúta tì í. Ilẹ̀kùn tó jóná yẹn kò lè gbà wá, Àgbò yóò fọ́ ọ. Gíríìkì bíi tiwa ni àwọn ará Hiróntà. Àwọn náà ní bàbá nínú sàréè. Wọ́n lè fọ́ ilẹ̀kùn. Ṣé wọ́n lè fọ́ sàréè?"

Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Lákrítù lè fọ́ ọ!"

"Mo mọ̀," ni Timarẹ́tà dáhùn. "Ṣùgbọ́n Lákrítù nìkan kò lè fa Àgbò."

Eudíkù ló kọ́kọ́ dìde, àwọn yòókù sì dìde tẹ̀ lé e. Ó wá ku ìṣòro kan. Àpáta ni ilẹ̀ ibodè, a kì í gbẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, pósí òkúta nìkan ló sì lè gba òkú. Ọ̀kan ṣoṣo ló wà láàárín ìlú. Filínà, ìyá Damófónù, ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ sílẹ̀ fún ara òun, bí arúgbó tó ní làákàyè ti í ṣe, kí ọmọ òun má bàa ṣe wàhálà lọ́jọ́ tí òun bá kú.

Filínà jókòó síbi orí òkú ọmọ rẹ̀, ó ń fi ewé lé eṣinṣin. Bí Timarẹ́tà ti wọlé, kò jẹ́ kó kúnlẹ̀ tán.

"Wọ́n ti wá sọ fún mi," ni ìyá náà wí. "O fẹ́ fi ọmọ mi dí ọ̀nà bí ẹni ń fi òkúta dí ihò eku."

"Ìyá, ẹ bínú sí mi. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí i."

"Bàbá rẹ̀ wà lójú ọ̀nà ólífì. Bàbá bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀. A ti fi ààyè sílẹ̀ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, a fi tìrẹ náà sílẹ̀ tì í. Bí o bá sin ín sí ibodè, ta ni yóò sùn tì í? Wọn ò ní gbà kí ìwọ sùn síbẹ̀. Ogun nìkan ló lè mú wọn gba irú èyí, wọn ò sì ní gbà á lẹ́ẹ̀kejì. Ìwọ nìkan ni yóò sùn lójú ọ̀nà ólífì. Ṣé o mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Ìyá." Timarẹ́tà ti mọ̀ ọ́n kó tó dé iwájú ìgbìmọ̀. Ohun tó mú ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo lọ́nà nìyẹn. Obìnrin náà fẹ́ràn ọkọ rẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin tó ń kà á mọ̀ dájú pé kì í ṣe ẹni tí kò mọ adùn ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ akin yìí.

Filínà tún fi ewé lé eṣinṣin. Láti òde, wọ́n ń gbọ́ igbe àwọn tó ń fa Àgbò, ó ti sún mọ́ débi pé a lè gbọ́ ohùn ẹni tó ń ṣíwájú wọn. Nígbà tí ìyá náà yóò tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Lọ́jọ́ tí wọ́n gbẹ́ pósí yẹn parí, mo wọ inú rẹ̀ láti fi wọn ara mi. N kò lè dìde mọ́. Òun ló fà mí jáde, tó ń fi mí ṣẹ̀sín. Ó ní, 'Ìyá, ẹ jáde, kò tíì yá.'" Ó fọwọ́ nu iwájú orí òkú náà. "Pósí náà tóbi jù mí lọ. Ìgbéraga ló jẹ́ kí n ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ tóbi tó bẹ́ẹ̀. Yóò gbà á. Ẹ lọ gbé e. Ṣùgbọ́n n kò ní bá yín débẹ̀. N kò ní fi ẹkún mi dí ilẹ̀kùn fún ìlú kankan."

Wọ́n gbé pósí náà. Ọkùnrin tó lè dúró àti obìnrin tó lè dúró ló dì í mú, wọ́n ń yí i lórí igi roboto títí ó fi dé ẹnu ibodè. Wọ́n gbé e dábùú ọ̀nà. Wọ́n to òkúta àfọ́kù tì í lápá kan títí dé ògiri, àlàfo tóóró kan ló kù lápá kejì, tí èèyàn kan kò lè gbà kọjá àfi bó bá fi ẹ̀gbẹ́ rìn. Wọ́n tẹ́ Damófónù sínú rẹ̀, pẹ̀lú ìgò òróró funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n fi aṣọ bò ó, wọ́n sì gbé adé ewé lé orí aṣọ náà. Wọn kò tíì gbé ìdérí lé e, nítorí ìyá òkú kò tíì wá dágbére, bẹ́ẹ̀ sì ni òkú kò ṣeé dé láìjẹ́ pé ìyá rẹ̀ dágbére. Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tí Àgbò gun orí ilẹ̀ títẹ́jú tó wà níwájú ibodè. Timarẹ́tà wá sọ ohun tó mú àyà Eudíkù já.

"Ẹ ṣí ilẹ̀kùn."

Wọ́n ṣí i. Ilẹ̀kùn tí ìlú fi gbogbo ọdún bẹ̀rù nítorí rẹ̀, àwọn fúnra wọn ló ṣí i gbayawu níwájú ọ̀tá. Àwọn tó ń fa Àgbò rí i, wọ́n kọ́kọ́ hó yèè, wọ́n rò pé ìlú ti túúbá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí pósí, wọ́n rí adé ewé, wọ́n rí obìnrin tó gé irun rẹ̀ tó dúró tì í. Igbe wọn kú sẹ́nu. Màlúù dúró.

Lákrítù já àárín wọn bọ́ síwájú, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀tàn ni! Pósí òfìfo ni! Ṣé obìnrin kan ló máa fi àpótí ìdáná dẹ́rù bà yín? Ẹ fà á!"

Okùn le. Àgbò mi, ó sún síwájú díẹ̀. Timarẹ́tà kígbe sí wọn pé òkú ló wà níbẹ̀, pé kí wọ́n bẹ̀rù òrìṣà, ṣùgbọ́n pàṣán Lákrítù ń dún, Àgbò sì tún sún síwájú. Orí irin rẹ̀ ti wọ abẹ́ òjìji ibodè. Àwọn ará Kalamísà tó wà lẹ́yìn pósí bẹ̀rẹ̀ sí fà sẹ́yìn, ìyá ń wá ọmọ, ọmọ ń wá ìyá. Timarẹ́tà kò kúrò. Ó fi ẹ̀yìn ti òkúta náà, ó sì mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ó ti tán.

Ìgbà náà ni ọ̀pá kan ń dún kó, kó, kó lórí òkúta ọ̀nà. Filínà ni. Àwọn èèyàn là fún un. Kò wo Timarẹ́tà, kò wo Àgbò. Ó dé ibi pósí, ó ju ọ̀pá sílẹ̀, ó ká aṣọ kúrò, ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ orí ọmọ rẹ̀, ó sì gbé e sókè bí ìyá ti ń gbé ọmọ tó fẹ́ fún lómi mu.

"Ẹni tó ní òfìfo ni, kó wá wò ó!" ló ké. "Damófónù ọmọ mi nìyí! Ẹ̀yin lẹ pa á, èmi ni mo bí i. Pósí mi nìyí. Òun ló yẹ kó fi sin mí. Ẹ gba orí rẹ̀ kọjá, kò burú, ṣùgbọ́n kí ẹni tí yóò kọ́kọ́ fa okùn gbójú sókè kí n rí i, kí n lè mọ ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò ní rí sin!"

Lẹ́yìn náà ni ẹkún tó ní òun kò ní sun já lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ní àwọn apẹja gbọ́ ọ lórí òkun.

Ọkùnrin kan tí irun rẹ̀ ti funfun, tó wà nídìí okùn iwájú, gbójú sókè. Ó wo òkú náà, ó wo ìyá rẹ̀, ó sì ju okùn sílẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ jù ú sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ títí dé ẹ̀yìn. Lákrítù nà wọ́n ní pàṣán, kò sẹ́ni tó yí padà. Inú bí i, ó já òòlù gbà lọ́wọ́ ẹnì kan, ó sáré síwájú, ó sì là á mọ́ igun pósí náà, òkúta ta jáde. Ó tún gbé òòlù sókè, ó wẹ̀yìn kó lè rí àwọn tó ń tẹ̀ lé e. Kò rí ẹnì kankan. Àwọn èèyàn rẹ̀ ti ń sá sẹ́yìn fún un bí ẹni ń sá fún àrùn, nítorí ó ti fọwọ́ kan ohun tí a kì í fọwọ́ kàn. Ọkùnrin onírun funfun yẹn wí jẹ́jẹ́ pé, "Olórí, ẹ má bínú. Bàbá tèmi náà wà nínú sàréè." Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè ní ojúmọmọ, wọ́n fi Àgbò sílẹ̀ níbi tó dúró sí. Lákrítù ló sọ̀ kalẹ̀ gbẹ̀yìn, kò sì sẹ́ni tó bá a rìn.

Lẹ́ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, àwọn àgbà Hiróntà padà wá láìsí Lákrítù, òùngbẹ ni wọ́n gbé wá. Eudíkù fẹ́ lé wọn. Timarẹ́tà ní rárá, kí wọ́n wá pọnmi. Ṣùgbọ́n ibodè náà ni kí wọ́n gbà, lọ́kọ̀ọ̀kan, ní ẹ̀gbẹ́, pẹ̀lú ìkòkò lórí, kí wọ́n sì kí ọkọ òun kí wọ́n tó kọjá. Láti ìgbà náà ló ti di àṣà. Kẹ̀kẹ́ ẹrù ń dúró sísàlẹ̀ òkè. Ọba tó bá fẹ́ wọ Kalamísà a sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin, a fi ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ìlú kò ṣe ilẹ̀kùn mìíràn mọ́ láéláé. Nígbà tí Filínà kú, igi Àgbò ni wọ́n fi kan pósí fún un.

Kalamísà ti wó báyìí. Àwọn ọwọ̀n ilé òrìṣà ti dùbúlẹ̀ sínú koríko, àwọn abúlé etí òkun sì ti kó òkúta odi lọ kọ́ ilé, débi pé ọ̀tún àti òsì ibodè ti di gbalasa. Pósí náà nìkan ni kò sẹ́ni tó gbé, ojú òòlù wà ní igun rẹ̀. Lójú ọ̀nà ólífì, sàréè obìnrin kan wà tó dá dúró, ààyè èèyàn kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọn kò sin ẹnikẹ́ni sí. Mo dúró níbẹ̀ títí ojú mi fi ro. Nígbà tí mo gòkè, mo bá obìnrin darandaran kan tó ń kó ewúrẹ́ rẹ̀ bọ̀. Àlàfo tóóró ẹ̀gbẹ́ pósí náà ni wọ́n ń gbà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, òun náà sì fi ẹ̀gbẹ́ tẹ̀ lé wọn. Ara òkúta níbẹ̀ ń dán, ìbàdí àwọn tó ti kọjá ló nù ún. Mo bi í pé kí ló dé tí kò gba ọ̀tún tàbí òsì, níbi tí kò ti sí nǹkan kan mọ́. Ó wò mí bí ẹni tí wọn kò kọ́ nílé.

"Ilẹ̀kùn nìyí," ló wí. "Ta ló ń gba ara ògiri wọlé?"

Mo kí Damófónù, mo fi ẹ̀gbẹ́ wọlé.